Ojú Pupa àti Ìlẹ̀kùn Tí Kì Í Gbọ́ Àgò

"Pupa," ni dígí náà wí.

Ohùn obìnrin tí inú kì í bí ni wọ́n fún un, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn alágbẹ̀dẹ náà ló sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bodè Àríwá, nílùú Ṣakí, ló ti ṣẹlẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú débi pé téńté Òkè Asabàrí nìkan ni ènìyàn ń rí nínú eruku. Alágbẹ̀dẹ náà ru ìkòkò irin mẹ́fà, ó ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́ níwájú dígí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìsaasùn.

"Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́," ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ojú mi náà ni. Adégòkè alágbẹ̀dẹ ni mí."

"Pupa," ni dígí náà tún wí.

Làmídì, ẹ̀ṣọ́ bodè, ti ń tú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń di àwọn olójú pupa lójú. Ògiri ló kọjú sí bó ti ń tú u, nítorí gbogbo ọmọ Ṣakí ló gbà pé bí o bá ti wo ẹni tójú rẹ̀ pọ́n báyìí, tìẹ náà ti bá a lọ nìyẹn. Aṣọ dúdú kan náà ni wọ́n ti fi di ojú ẹni mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn ò sì fọ̀ ọ́. Ìyẹn ò ba Làmídì lẹ́rù. Wíwò ló ń bà á lẹ́rù.

"Làmídì, fi aṣọ yẹn sílẹ̀," ni Fadérera wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Fadérera. Ìyá Olójú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn nọ́ọ̀sì ojú àtijọ́, ìgbìmọ̀ ìlú sì fi í ṣe ajẹ́rìí-ojú ní bodè. Bí dígí bá ti ní ojú ẹnì kan pọ́n, òun ló máa sọ irú pípọ́n tó jẹ́. Dígí yìí wà lára gbogbo ìlẹ̀kùn ìlú, láti ilé ìwòsàn títí dé ilé ìyàgbẹ́. Ó mọ ọmọlójú ọ̀kẹ́ ogún ènìyàn, kò sì ṣi ẹnì kan mú fún ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ló mọ̀ nípa àìsàn ojú: funfun àti pupa.

Fadérera fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú igi ìṣáná kan, ó sì fi yí ìpéǹpéjú alágbẹ̀dẹ náà sókè.

"Ṣé ojú kan ló kọ́kọ́ mú ni, àbí méjèèjì?"

"Méjèèjì pa pọ̀ ni, mà."

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Á! Bíi kí n họ ọ́ já ni."

"Ipin ńkọ́? Ṣé ó ń lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀?"

"Rárá o. Omi lásán ló ń jáde. Mo sì ń sín. Gbogbo ọyẹ́ ló máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, láti kékeré."

Fadérera fi ìka tẹ iwájú etí rẹ̀ méjèèjì. Kò sí kókó kankan níbẹ̀. Ó gbé ojú tirẹ̀ sí dígí.

"Èmi Fadérera jẹ́rìí sí i. Eruku ọyẹ́ ni. Kì í ràn."

"Mo gbọ́," ni dígí náà wí, bodè sì ṣí.

"Fi omi tútù bọ́ ọ, kó o sì yéé fi ọwọ́ èédú nu ojú," ni Fadérera wí. Alágbẹ̀dẹ náà dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìkòkò, ọ̀kan sì yí bọ́ sílẹ̀, ó ń dún gbáùngbáùn lọ sínú ìlú ṣáájú ẹni tó ni ín. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Làmídì ká aṣọ dúdú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò tiẹ̀ mọ̀ pé àìsàn yìí lórúkọ rí. Àpólò ni. Wọ́n ní ọdún tí àwọn òyìnbó gun ọkọ̀ lọ sínú òṣùpá náà ló jà wá sí ilẹ̀ wa, ni àwọn bàbá wa bá fi orúkọ ọkọ̀ yẹn pè é, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ẹni tó bá lọ yọjú sí òṣùpá kò lè dé lásán. Àwọn ènìyàn àtijọ́, bí nǹkan bá dé bá wọn, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ọ́, wọ́n á sì máa bá a ṣeré.

Fadérera jókòó, ó gbé ìkòkò kékeré kan ka iná láti se omi iyọ̀. Ìkòkò ìyá àgbà rẹ̀ ni. Kò sí ìgbà tí òórùn omi iyọ̀ gbígbóná dé imú rẹ̀ tí kì í padà sí agbo ilé Alákọ̀ko, ọdún tó di ọmọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kó Àpólò bọ̀ láti iléèwé, ojú òsì ló kọ́kọ́ mú, ó di ọjọ́ kejì ó kọjá sí ọ̀tún, omi ń dà, ọ̀fìnkìn ń yọ. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ìyá wọn fẹ́ yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o pọ̀, kó lè tán pọ̀." Ni wọ́n bá kó o pọ̀ lóòótọ́! Ọmọ mẹ́fà tò sórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ipin lẹ ojú gbogbo wọn pa láàárọ̀, ìyá àgbà á sì máa ti orí ẹnì kan bọ́ sí orí ẹnì kejì pẹ̀lú òwú àti omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa ṣí wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "O ríran? O rí mi? Ta ni mí?" Awò dúdú kan ṣoṣo tí bàbá wọn rà, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì tó wá dà lẹ́yìn ọ̀la mọ̀ pé àṣìṣe gbáà ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kó yan ọjọ́ kan láyé tí yóò padà sí, ọjọ́ yẹn ni yóò yàn.

Òun nìkan ni Àpólò ò mú nínú àwọn ọmọ méje náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ní òun nìkan ni yóò lọ síléèwé, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó fi ọṣẹ dúdú ra ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì sunkún jáde. Ìyá àgbà gbé ojú náà sókè, ó gbóòórùn ọṣẹ, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn na ẹní kan sí i.

Àwọn àlejò á sì máa dé. "Àgò onílé o!" Ìyá àgbà á dáhùn láti inú ilé: "Àgò yà! Ṣùgbọ́n Àpólò wà níbí o!" Àlejò á rẹ́rìn-ín, á wọlé síbẹ̀síbẹ̀, á gbé wàrà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ta ló ń pe àgò mọ́ ní Ṣakí? Ìlẹ̀kùn ti mọ̀ ọ́ kó o tó yanu. Bó bá mọ̀ ọ́, á ṣí. Bí kò bá mọ̀ ọ́, o lè pariwo kó o kú síbẹ̀.

Wọ́n ti kú síbẹ̀ rí. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ni, Ọdún Ojú Pupa, nígbà tí ojú ìdajì ìlú pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí dígí ò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn sùn síta ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́. Àwọn aláìsàn ọkàn àti aboyún jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí kò ṣí fún wọn. Ojú Fadérera náà pọ́n, dígí sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ránṣẹ́ pè é pé kí ni kí àwọn ṣe, ó yẹ àwọn olójú pupa wò, ó rí omi, ó rí ọ̀fìnkìn, ó rí kókó níwájú etí, ó sì mọ̀ pé Àpólò lásán ni, èyí tí oògùn kankan ò lè lé lọ àfi àkókò. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Á lọ fúnra rẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ó lọ fúnra rẹ̀ lóòótọ́, inú ìgbìmọ̀ sì dùn débi pé wọ́n sọ gbólóhùn náà di òfin. Ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n, ogójì ọjọ́ ní Ilé Ìsinmi-Ojú lẹ́sẹ̀ òkè, pẹ̀lú ẹní àti omi iyọ̀. Ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á fagi lé ojú rẹ̀ nínú ìwé, kó má baà tún ti ìlú pa. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri gbogbo: OJÚ PUPA Á LỌ FÚNRA RẸ̀. Ọ̀kan wà lára ògiri yàrá Fadérera gan-an. Ìgbà mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí wọn pé kì í ṣe gbogbo ojú pupa, pé ó ní irú èyí tó ń lọ fúnra rẹ̀, ó sì ní irú èyí tó ń mú ojú lọ dání. Wọ́n fèsì pé gbólóhùn náà dára bẹ́ẹ̀, ó ṣe ṣókí.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ọmọbìnrin kan, Títílọpẹ́, tó dé. Ẹ̀yìn yàrá ló gbà, níbi tí fèrèsé wà tí kò ní dígí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ orógbó lọ́wọ́, Fadérera sì rò pé ọjà ló fẹ́ tà, títí apẹ̀rẹ̀ náà fi sín.

"Ẹ má bínú, ìyá mi," ni ọmọbìnrin náà wí. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó sì rí bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ tó bímọ. "Ọmọ ni. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo bí i. Wọ́n ní ẹ máa ń wò ó kẹ́ ẹ tó pe ọkọ̀ Ilé Ìsinmi."

Fadérera ṣí aṣọ. Ìpéǹpéjú ọmọ náà méjèèjì wú, ó le, wọ́n ti ara wọn pa. Bó ti fi òwú tútù ṣí ọ̀tún díẹ̀, ọyún ìyeyè nípọn tú jáde, ó dà sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó nù ún, òmíràn tún rọ́pò rẹ̀ kó tó ju òwú nù. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá tó ti rí irú èyí gbẹ̀yìn, nígbà tí ilé ìwòsàn ṣì ń kán oògùn sójú gbogbo ọmọ tuntun, kí dígí tó dé kí wọ́n tó ní kò nídìí mọ́.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìjẹta, mà. Ó kọ́kọ́ rí bí ipin lásán. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún ọmú sí i lójú."

"O fún un?"

"Mo fún un. Nígbà tí kò lọ, mo fẹ́ gbé e wá lánàá, ṣùgbọ́n..." Ó na ìka sí ògiri, sí àwọn lẹ́tà gàdàgbà náà. "Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, á lọ fúnra rẹ̀."

Ó dun Fadérera dé egungun. Ó fẹ́ sọ pé òun kọ́ lòun kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti jẹ ọjọ́ kan gbáko nínú ojú ọmọ yìí.

"Jókòó, ọmọ mi. Gbọ́ mi dáadáa," ó wí. "Àpólò kọ́ nìyí. Àpólò, omi ló ń dà, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti lọ. Ó tún ní èyí tí ọyún rẹ̀ ń lẹ ojú pọ̀ láàárọ̀, oògùn kíkán sójú ń wo ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá mú ọmọ tuntun láàárín ọjọ́ mélòó kan tó wáyé, tó wú báyìí, tí ọyún ń dà báyìí, ojú ara ìyá rẹ̀ ló ti kó o nígbà tó ń bọ̀. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ lónìí, á jẹ ẹyinjú rẹ̀ lu. Oògùn kíkán nìkan ò ràn án."

Títílọpẹ́ dìde dúró. "Lára mi? Èmi? Ìyá, ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi, Gbádébọ̀ ọkọ mi."

"Mo gbọ́. N ò sì bi ọ́ léèrè. Àìsàn yẹn lè wà lára ènìyàn kó má mọ̀. Ìwọ àti Gbádébọ̀ ọkọ rẹ, ẹ máa lọ gba abẹ́rẹ́ tiyín nílé ìwòsàn, ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀. Ojú yín funfun, ìlẹ̀kùn á ṣí fún yín. Bó bá ní òun ò lọ, sọ fún un pé Ìyá Olójú ní kó lọ. Ẹ lè fi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí ẹni tó kó o wálé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ná."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Fadérera jẹ́ kó sun ún. Ojú tó ń sunkún a máa ríran, ó sì fẹ́ kó ríran dáadáa nínú ohun tó kàn.

Nítorí abẹ́rẹ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àwọn méjèèjì, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì ní dígí tirẹ̀. Ojú tó bá pọ́n, tí ajẹ́rìí-ojú sì ti sọ irú rẹ̀, òun nìkan ló ń ṣí fún. Fadérera lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Mo jẹ́rìí. Ọlọ́yún ni, ti ọmọ tuntun. Mo fẹ́ abẹ́rẹ́ kan."

"Ojú ta ni?" ni dígí bi í.

"Ojú ọmọ ọjọ́ mẹ́rin."

"Kò sí irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ẹ mú un wá fún ìforúkọ-ojú lọ́jọ́ kẹjọ."

Lọ́jọ́ kẹjọ! Dígí ilé ìwòsàn náà ò ní sọ ohun mìíràn. Ní Ṣakí, ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ ni wọ́n ń gbé ojú rẹ̀ sí dígí. Ní ọjọ́ kẹjọ, ohun tí ọmọ yìí máa gbé síbẹ̀ á ti di àpá funfun. Dígí ò sì lè ka àpá. Ọmọ tí kò ní ọmọlójú, kò sí ìlẹ̀kùn kan tí yóò ṣí fún un títí ó fi kú, kódà ti ilé ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi ojú tèmi gbà á!" ni Títílọpẹ́ wí. "Ojú mi ò pọ́n rí. Ẹ kọ mí sílẹ̀!"

"Kí wọ́n wá gbé ọ lọ sẹ́sẹ̀ òkè fún ogójì ọjọ́? Ta ni yóò fún un lọ́mú? Ta ni yóò máa fọ ọyún yẹn ní wákàtí wákàtí? Gbádébọ̀ dà?"

"Ó wà lóko. Ọ̀la ló ń bọ̀."

"Ọ̀la ti pẹ́ jù."

Bàbá Láṣebìkan ló sọ sí Fadérera lọ́kàn, ẹni tí wọ́n ti fagi lé ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tó ń dúró de ẹni tó ń wọlé kó lè yọ́ tẹ̀ lé e. Òfin ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn fún un. Dígí kàn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá gba aláìlójú wọlé ni, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ lọ. Ó ronú kan ilé tirẹ̀, ẹní tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún un, àga ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀rù bà á gan-an. Kò sí ìdí láti purọ́ pé kò bà á. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí ènìyàn ní kò ju ìlẹ̀kùn tó mọ̀ ọ́n lọ.

Ọmọ náà sunkún nínú apẹ̀rẹ̀, ohùn tínrín, kò sì lè la ojú láti wo ẹni tó ń sunkún sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fadérera sún mọ́ dígí.

"Èmi ni," ó wí. "Ojú tèmi ló pọ́n. Mo jẹ́rìí síra mi. Ọlọ́yún ni."

Dígí wò ó. "Funfun."

Ẹ wo ayé! Ẹni tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ tọrẹ, wọ́n ní ojú rẹ̀ mọ́ jù. Fadérera fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi àwo tó ti ń fọ ọwọ́, ó mú ọṣẹ dúdú, ó pò ó mọ́ omi ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ra ojú rẹ̀ méjèèjì bó ti ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ta á bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Omi bọ́, ó ń ṣàn dé àgbọ̀n, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọṣẹ mọ́ nínú rẹ̀, nítorí àárò ìyá àgbà rẹ̀ sọ ọ́ lójijì, ó ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ń na ẹní fún un.

Ó gbé ojú náà sí dígí.

"Pupa," ni dígí wí. "Ẹ̀ẹ̀kejì. Ọkọ̀ ń bọ̀." Kọ́bọ́ọ̀dù sì ṣí.

Ó ṣiṣẹ́ kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìríran rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ó gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n, ó fa oògùn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu nìkan, ó sì gún un nítan. Ọmọ náà ké tagbáratagbára. Ó bu omi iyọ̀ tó ti tutù láti inú ìkòkò ìyá àgbà, ó fọ ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ imú bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí, òwú kan fún ojú kan.

"Bó o ṣe máa ṣe é nìyẹn, ní wákàtí wákàtí, títí ọyún á fi dá. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Má fún ọmú sí i lójú mọ́, ẹnu ni kó o fún un sí. Aṣọ ìnura tirẹ̀ ni tirẹ̀. Kì í ràn nípa wíwò, ṣé o gbọ́? Ọwọ́ ló ń gbé e kiri. Máa wò ó. Máa wò ó lójú dáadáa."

"Ìyá, ojú yín..."

"Ọṣẹ ni. Gba ẹ̀yìn lọ."

Títílọpẹ́ kò tíì jìnnà tí Làmídì fi wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ó rí ojú Fadérera tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó rí ọṣẹ nínú àwo, ó rí òwú ọlọ́yún kéékèèké, ó sì rí ipasẹ̀ obìnrin nínú eruku fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kọjú sí ògiri. Ó wò ó lójú.

"Ìyá Olójú," ó wí. "Kí lẹ ṣe yìí?"

"Lọ fọ aṣọ yẹn kó o tó dè é mọ́ mi lójú," ni Fadérera dá a lóhùn. "Ṣé o fẹ́ kó Àpólò ràn mí ni?"

Ó fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ dúdú kan náà fọ̀ ọ́, ó sì ń pẹ́ nídìí rẹ̀, títí Títílọpẹ́ fi kọjá ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ogójì ọjọ́ pé, ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti kan ilẹ̀. Fadérera fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ojú tó ti mọ́ tónítóní láti òru ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Kò sí ẹni níbí," ni dígí ilé rẹ̀ wí.

Ó mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn, síbẹ̀ ó dúró fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ilé Gbádébọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, nítorí ohun kan ṣoṣo ló ti fi ogójì ọjọ́ bi ara rẹ̀ léèrè lórí ẹní, kò sì sí ẹni tó lè fún un lésì ní Ilé Ìsinmi. Wọ́n júwe rẹ̀. Ilé kékeré ni, ó ní igi máńgòrò kan lójúde. Dígí rẹ̀ tàn.

"Kò sí ẹni níbí."

Fadérera tẹ́tí. Ó gbọ́ ohùn ìyá kan nínú ilé, ó ń kọrin fún ọmọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu, bíi pé ojú ń tì í, nítorí ó ti tó ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

"Àgò onílé o!"

Orin dákẹ́. Aládùúgbò kan yọjú láti ojúlé kejì, ó wò ó bí ẹni tó ya wèrè.

"Àgò o!" ni Fadérera tún ké.

"Àgò yà!" ni Títílọpẹ́ dáhùn. Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ nínú ilé. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ló dúró, Fadérera sì mọ ohun tó ń rò: ẹni tó bá ṣí i ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kó fi í sílẹ̀, pé kó kàn gbé ọmọ náà sẹ́bàá fèrèsé kí òun rí ojú rẹ̀, òun á máa lọ.

Ó gbọ́ tí Títílọpẹ́ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹnì kan. "Wò ó níbẹ̀ yẹn. Wo dígí. Ìwọ lo máa ṣí i."

Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ kì í tètè wo ibi tí wọ́n bá ní kí wọ́n wò.

"Funfun," ni dígí náà wí. "Olúdáhùnsi, wọ́n dá ọ mọ̀."

Ìlẹ̀kùn ṣí. Títílọpẹ́ dúró níbẹ̀, ó gbé ọmọ náà sókè ní apá méjèèjì, ọmọ náà sì la ojú ńlá dúdú méjì tí kò ní àbàwọ́n kan, ó ń wo ìyá arúgbó náà láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bi í pé ta ni ọ́.

"O ríran?" ni Fadérera bi í, omi bọ́ lójú rẹ̀. "O rí mi?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, dígí náà tún ń sọ ọ́ pé kò sí ẹni níbẹ̀, ṣùgbọ́n Títílọpẹ́ ti ń na ẹní.